Òògùn Ẹ̀jẹ̀ àti Fítámì fún Aláboyún: Èwo Ló Wúlò, Ìgbà Wo, Báwo Ló Ṣe Yẹ Kó Pọ̀ Tó?



Bí ẹ bá wọ yàrá aláboyún ní ọ̀pọ̀ ilé wa, ẹ ó rí ọ̀rá òògùn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Hóró pupa wà nínú rẹ̀, hóró kékeré aláwọ̀ yẹ́lò wà nínú rẹ̀, nígbà mìíràn funfun náà á wà níbẹ̀. Ìyá ọkọ á ní kó máa lò ó dáadáa. Ìyá tó bí i lọ́mọ á ní òògùn òyìnbó yìí ti pọ̀ jù, pé àgbo ni àwọn fi bí tiwọn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní àṣálátù á ní òun ní èyí tó dára ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ̀gbọ́n òun ló fi í ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù. Ibi tí ọ̀rọ̀ sábà máa ń já sí ni pé aláboyún náà á lò ó lónìí, á fo ọjọ́ mẹ́ta, á wá lo méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan láti fi dí èyí tó fò.

Ohun tí a fẹ́ sọ nínú àpilẹ̀kọ yìí kò le. Díẹ̀ nínú àwọn òògùn yìí ń gba ẹ̀mí là, ẹ̀rí sì wà. Ṣùgbọ́n bí a bá lo èyí tó tọ́, ní àsìkò tó tọ́, ní ìwọ̀n tó tọ́, ìgbà náà ni wọ́n ń ṣiṣẹ́. Òmíràn kò wúlò fún ohun tí a ń tìtorí rẹ̀ lò ó. Òmíràn sì wà tó jẹ́ pé bó bá pọ̀ jù, ọmọ inú ni yóò fara gbá a. Kò sì sí ìkankan nínú wọn tó lè dípò wíwọn ẹ̀jẹ̀ ríru aláboyún ní ilé ìwòsàn.

Kí ló dé tí oúnjẹ nìkan kì í sábà tó?

Nígbà tí obìnrin bá lóyún, ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ máa ń pọ̀ sí i tó nǹkan bí ìlàjì iye tó ní tẹ́lẹ̀. Èròjà irin ni ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀ pupa. Ọmọ inú ń fẹ́ tirẹ̀, ibi ọmọ ń fẹ́ tirẹ̀, ìyá náà sì gbọ́dọ̀ ní ìpamọ́ de ọjọ́ ìkúnlẹ̀. Ní ilẹ̀ tiwa, ibà àti aràn inú tún ń jẹ nínú ìwọ̀nba tó wà. Bí obìnrin bá sì ti bímọ léraléra láìsí àlàfo tó dára, òfìfo ni ìpamọ́ náà máa ń wà kí oyún mìíràn tó dé.

Àjọ Ìlera Àgbáyé, ìyẹn WHO, sọ pé bí hemoglobin aláboyún bá wá sílẹ̀ ju 11 lọ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn wa, PCV ni wọ́n máa ń pè é nígbà tí wọ́n bá gún ìka wo ẹ̀jẹ̀. 33 lórí rẹ̀ bá 11 yẹn mu. Àmì rẹ̀ ni kí ó máa rẹ ènìyàn láìṣe iṣẹ́ ńlá, kí òyì máa kọ́ ọ, kí ó máa mí hẹlẹhẹlẹ bó bá gun àtẹ̀gùn, kí inú ìpéǹpéjú àti àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun. Ọ̀pọ̀ ló máa ń sọ pé oyún ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni oyún ló jẹ̀bi.

Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀jẹ̀ dídà nígbà ìbímọ àti lẹ́yìn rẹ̀ wà lára ohun tó ń pa àwọn ìyá jù lọ ní ayé. Obìnrin méjì lè da ẹ̀jẹ̀ iye kan náà: èyí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pé á dìde, á fún ọmọ lọ́mú, èyí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó tẹ́lẹ̀ lè má dìde mọ́. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò lẹ́jẹ̀ sì máa ń wà nínú ewu pé kí wọ́n bí i láìtọ́jọ́, tàbí kí ó kéré jù.

Ìmọ̀ yìí ní ìtàn tó kan àwa Mùsùlùmí. Ní ọdún 1928, dókítà obìnrin ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Lucy Wills lọ sí ìlú Bombay ní Íńdíà, ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń tán lára àwọn aláboyún tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ aṣọ. Ó wo oúnjẹ àwọn obìnrin láti ìsọ̀rí oríṣiríṣi, ó sì rí i pé àwọn obìnrin Mùsùlùmí tó tálákà ni oúnjẹ wọn kò pé jù lọ, àwọn náà sì ni àìsàn náà ń mú jù. Nígbà tí ó fún àwọn aláìsàn ní Marmite, ohun tí wọ́n fi ìwúkàrà ṣe, ẹ̀jẹ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀ sípò. Ọdún 1931 ló gbé àbájáde rẹ̀ jáde. Ní 1941, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà yọ èròjà náà láti ara ewé ẹ̀fọ́, wọ́n sì sọ ọ́ ní folic acid, láti inú ọ̀rọ̀ èdè Látìnì tó túmọ̀ sí ewé. Òun ni hóró kékeré yẹ́lò tó wà nínú ọ̀rá yẹn.

Folic acid: ọjọ́ 28 àkọ́kọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀ tó tóbi jù

Láàrin ọjọ́ 28 lẹ́yìn tí oyún bá dúró, ibi tí yóò di ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ yóò ti padé bí ẹni tó fa síìpù aṣọ sókè. Bí kò bá padé dáadáa nísàlẹ̀, wọ́n lè bí ọmọ náà pẹ̀lú ẹ̀yìn tó là sílẹ̀, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní spina bifida. Ẹsẹ̀ ọmọ náà lè má ṣiṣẹ́, ó lè má lè dá ìtọ̀ dúró, omi sì lè máa pọ̀ sí i lórí. Bó bá jẹ́ pé apá orí ni kò padé, ọmọ náà kì í yè.

Nígbà tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ láàrin wa, ẹ̀sùn ló máa ń tẹ̀ lé e. Wọ́n á ní aláboyún náà rìn lọ́sàn-án gangan, kò sì fi píìnì há aṣọ. Wọ́n á ní ẹnì kan nínú ẹbí ló wà nídìí ọ̀rọ̀. Ìyá tó ti ń sunkún ọmọ á tún máa ru ẹ̀bi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Àìtó folic acid jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tó ń fà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun nìkan kọ́. Ní 1991, ìwádìí ńlá kan tí ìgbìmọ̀ ìwádìí ìṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní orílẹ̀-èdè 7 fi hàn pé láàrin àwọn obìnrin tó ti bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí, folic acid dín ewu pé kí ó tún ṣẹlẹ̀ kù ní ìdá 72 nínú 100. Nígbà tí èrè rẹ̀ hàn gbangba, wọ́n dá ìwádìí náà dúró ṣáájú àkókò, nítorí pé kò dára kí wọ́n máa fi í du àwọn tó kù.

Ẹ ronú nípa ọjọ́ 28 yẹn. Ọ̀pọ̀ obìnrin kò tíì mọ̀ pé òun lóyún nígbà náà. Ní ọjọ́ tí ó bá máa fi lọ forúkọ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn ní oṣù kẹrin, síìpù náà ti padé tàbí kò padé. Nítorí náà, kí oyún tó dé ló yẹ kí folic acid ti wà lára. Bí a ṣe ń ní kí ọkọ àti ìyàwó lọ yẹ genotype wò kí a tó so yìgì, ó yẹ kí ìyá ìyàwó tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin fi ìmọ̀ràn kan kún un: kí ọmọbìnrin náà bẹ̀rẹ̀ folic acid bó bá ti ń retí oyún. Ìyá tó ti bímọ rí náà, bó bá ti ń gbèrò òmíràn, kó bẹ̀rẹ̀.

Ìwọ̀n rẹ̀ fún obìnrin tí kò ní àìsàn kan ni máíkírógíráàmù 400 lójúmọ́. Bí wọ́n bá kọ 0.4 mg sára páálí, ohun kan náà ni. WHO ní kí aláboyún máa lò ó títí tí yóò fi bímọ, nítorí ó wúlò fún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ náà.

Àwọn kan wà tí dókítà máa ń fún ní èyí tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ, bíi 5 mg: ẹni tó ti bí ọmọ tí ẹ̀yìn rẹ̀ là rí, ẹni tó ń lo òògùn wárápá, ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, àti ẹni tó jẹ́ SS. Bí ọ̀kan nínú èyí bá kàn yín, ẹ rí dókítà kí oyún tó dé. Ẹ má pín òògùn yín fún ẹlòmíràn, ẹ má sì gba tẹlòmíràn.

Òògùn ẹ̀jẹ̀: bí a ṣe ń lò ó kó lè ṣiṣẹ́

Hóró pupa tí àwọn ènìyàn ń pè ní fesolate tàbí òògùn ẹ̀jẹ̀ ni èròjà irin. WHO ní kí aláboyún lo irin mílígíráàmù 30 sí 60 lójúmọ́, kí ó sì jẹ́ 60 níbi tí àìtó ẹ̀jẹ̀ bá ti gbilẹ̀. Nọ́ńbà ńlá tó wà lára páálí kọ́ ni ìwọ̀n irin tó wà nínú rẹ̀. Ferrous sulphate mílígíráàmù 300, nǹkan bí 60 péré ni irin inú rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má fi nọ́ńbà ara páálí kan wé ti òmíràn fúnra yín. Ẹ bi apòògùn.

Ọ̀nà tí ẹ ń gbà lò ó ṣe pàtàkì tó òògùn náà fúnra rẹ̀:

Ẹ fi omi lò ó, kí ẹ sì jẹ ọsàn tàbí èso kíkan mìíràn pẹ̀lú rẹ̀. Fítámì C inú ọsàn ń ran irin lọ́wọ́ láti wọ ara.

Ẹ má fi tíì, kọfí tàbí mílíìkì gbé e mì. Wọ́n ń dí irin lọ́wọ́. Ẹ fi wákàtí kan tàbí méjì sí àárín wọn.

Bí wọ́n bá tún fún yín ní kálísíọ́mù, ẹ lo ọ̀kan láàárọ̀, kí ẹ lo ìkejì lálẹ́.

Ìgbọ̀nsẹ̀ yín lè dúdú. Kì í ṣe àrùn, irin tó ṣẹ́kù ni. Bó bá ń bì yín nínú, ẹ lò ó lẹ́yìn oúnjẹ tàbí kí ẹ tó sùn. Bó bá ń mú ìgbọ̀nsẹ̀ le, ẹ mu omi dáadáa, ẹ jẹ ẹ̀fọ́ àti èso. Bí kò bá lọ, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì kó pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má dá a dúró fúnra yín.

Bí ẹ bá gbàgbé ti àná, tòní nìkan ni kí ẹ lò.

Amọ̀ àti ẹfun tí àwọn aláboyún kan máa ń jẹ kò ràn wọ́n lọ́wọ́. Amọ̀ lè dí irin lọ́wọ́ nínú ikùn, wọ́n sì ti rí òjé nínú irú ẹfun tí wọ́n ń tà fún aláboyún; òjé máa ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́. Bí ẹ bá ṣàkíyèsí pé amọ̀ ń wù yín jẹ gidigidi, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò, nítorí ó lè jẹ́ àmì pé irin ti dín kù lára yín.

Lẹ́yìn ìbímọ náà, ẹ má kó òògùn náà dànù. WHO ní kí ìyá máa lò ó fún ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 sí i níbi tí àìtó ẹ̀jẹ̀ bá ti wọ́pọ̀, kí ìpamọ́ tó ti lọ lè padà wá.

Fansidar àti folic acid 5 mg: ibi tí a ti máa ń ṣìṣe láìmọ̀

Èyí ni ohun tí a bẹ̀ yín kí ẹ kà lẹ́ẹ̀mejì. Ibà nínú oyún máa ń jẹ ẹ̀jẹ̀ ìyá, ó sì máa ń sá pamọ́ sínú ibi ọmọ, kí ọmọ má lè rí oúnjẹ gbà tó. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fún aláboyún ní òògùn SP, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Fansidar, láti ọ̀sẹ̀ kẹtàlá oyún. Hóró mẹ́ta ni wọ́n ń gbé mì lẹ́ẹ̀kan, lójú nọ́ọ̀sì. Oṣù kan ó kéré tán gbọ́dọ̀ wà láàárín ìkan àti èkejì, wọ́n sì gbọ́dọ̀ lò ó tó ìgbà mẹ́ta ó kéré tán kí wọ́n tó bímọ.

Báwo ni SP ṣe ń ṣiṣẹ́? Kòkòrò ibà nílò folate kó tó lè pọ̀ sí i. SP máa ń dí ọ̀nà tó ń gbà ṣe é, ìyẹn ni pé ebi la fi ń pa á. Bí aláboyún bá wá ń lo folic acid tó pọ̀ jù lásìkò kan náà, ńṣe là ń gba ẹ̀yìnkùlé gbé oúnjẹ fún ọ̀tá tí a tì mọ́lé. Nítorí náà ni WHO fi sọ pé folic acid tó tó 5 mg tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́ kò gbọ́dọ̀ bá SP rìn pọ̀. Èyí tó jẹ́ 0.4 mg kò ní wàhálà, wọ́n lè jọ lò ó.

Ìṣòro tiwa ni pé 5 mg ni hóró folic acid tó wọ́pọ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé ìtajà òògùn wa. Kò sí ẹni tó wo nọ́ńbà rẹ̀. Nítorí náà, ẹ gbé ọ̀rá òògùn yín dání lọ sí ilé ìwòsàn. Kí ẹ tó gbé Fansidar mì, ẹ fi folic acid yín han nọ́ọ̀sì, kí ẹ bi í pé: “Ẹ jọ̀wọ́ mà, èyí lè bá a rìn?” Bó bá jẹ́ 5 mg, òun ni yóò sọ ìgbà tí ẹ ó dá a dúró àti ìgbà tí ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀, tàbí kó pààrọ̀ rẹ̀ fún yín. Ẹni tó jẹ́ SS tàbí tó ń lo 5 mg nítorí ìdí mìíràn, dókítà ni yóò yan ọ̀nà tí yóò gbà dènà ibà. Ẹni tí òògùn sulfa kì í bá lára mu gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ẹ má sì gbàgbé nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn. Òun kì í bá òògùn kankan jà.

Ẹ̀jẹ̀ ríru àti gìrì aláboyún: kí ni fítámì lè ṣe?

Lẹ́yìn oṣù márùn-ún oyún, ẹ̀jẹ̀ aláboyún lè bẹ̀rẹ̀ sí í ru, kí èròjà purotéènì sì máa jáde nínú ìtọ̀ rẹ̀. Wọ́n ń pè é ní pre-eclampsia. Bí wọn kò bá tètè rí i, ó lè di gìrì, kí obìnrin náà ṣubú, kí ara rẹ̀ máa gbọ̀n, kí ó má mọ ẹni tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó lè pa ìyá, ó lè pa ọmọ.

Ohun kan nínú àwọn èròjà tí à ń sọ yìí ń dín ewu rẹ̀ kù ní ti gidi: kálísíọ́mù, fún àwọn tí oúnjẹ wọn kò ní in tó. WHO ní kí irú wọn lo gíráàmù 1.5 sí 2 lójúmọ́. Ìwádìí tó jáde ní 2024, tí wọ́n ṣe ní Íńdíà àti Tanzania lára àwọn tó lóyún fún ìgbà àkọ́kọ́, fi hàn pé mílígíráàmù 500 lójúmọ́ kò rẹ̀yìn sí 1,500 nínú dídènà àìsàn yìí. Ìròyìn ayọ̀ nìyẹn fún ẹni tí owó òògùn ń ni lára. Nínú oúnjẹ, ẹ ó rí kálísíọ́mù nínú wàrà, mílíìkì, edé àti ẹja kéékèèké tí a ń jẹ mọ́ egungun.

Fún obìnrin tí ewu rẹ̀ pọ̀, bí ẹni tó ti ní in nínú oyún kan rí, tàbí tó ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà tàbí àìsàn kíndìnrín tẹ́lẹ̀, tàbí tó lóyún ìbejì, dókítà lè fún un ní aspirin kékeré lójúmọ́, kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 20. Dókítà ni kó sọ ọ́. Ẹ má lọ rà á fúnra yín.

Fítámì C àti E ńkọ́? Ìgbà kan wà tí àwọn onímọ̀ rò pé wọ́n lè dènà rẹ̀. Ní 2006, àbájáde ìwádìí kan lára nǹkan bí obìnrin 2,400 tí ewu wọn pọ̀ jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: kò dènà rẹ̀, àwọn tó lò ó tilẹ̀ tún bí ọmọ tó kéré ju àwọn tí kò lò ó lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ń ta fítámì olówó gọbọi fún yín pé ó ń dènà gìrì oyún, ẹ rántí èyí. Fítámì C inú ọsàn tí ẹ ń jẹ kò ní ewu o. Àpọ̀jù inú òògùn là ń sọ.

Ẹ kọ́ àwọn àmì yìí sórí, kí ọkọ náà kọ́ ọ: orí fífọ́ tí kò lọ, ojú tó ń ṣú tàbí tó ń rí nǹkan bí ìràwọ̀, ojú àti ọwọ́ tó wú lójijì, ìrora lókè ikùn lábẹ́ ìhà. Bí ẹ bá rí ọ̀kan, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, kódà bó bá jẹ́ òru. Bí gìrì bá ti dé, ẹ má gbé e lọ sílé alfa tàbí sílé babaláwo kọ́kọ́. Òògùn kan wà ní ilé ìwòsàn, magnesium sulphate. Ìwádìí ńlá tó jáde ní 2002, tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè 33, fi hàn pé ó dín gìrì kù ju ìlàjì lọ láàrin àwọn tó ti ní pre-eclampsia. Àdúrà dára, kò sì sí ohun tó ga ju àdúrà lọ. Ṣùgbọ́n ẹ máa ṣe é nínú ọkọ̀ tó ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Àṣejù, baba àṣetẹ́

Fítámì A ni ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún jù. Ara nílò rẹ̀, ṣùgbọ́n bí irú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní retinol bá pọ̀ jù ní ìbẹ̀rẹ̀ oyún, ó lè ba ẹ̀dá ọmọ jẹ́. Nítorí náà, ẹ má lo hóró fítámì A lọ́tọ̀ bí dókítà kò bá ní kí ẹ lò ó. Ẹ má jẹ ẹ̀dọ̀ lójoojúmọ́. Ẹ má lo epo ẹja cod liver tí ará Lọ́ńdọ̀nù fi ránṣẹ́. Ilé iṣẹ́ ìlera ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, NHS, gan-an ló ní kí aláboyún má lò ó. Òògùn irorẹ́ isotretinoin ni ẹ kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn rárá. Epo pupa, kárọ́ọ̀tì àti ẹ̀fọ́ kò ní ewu yìí, nítorí ara fúnra rẹ̀ ló ń ṣe ìwọ̀n tó bá fẹ́ láti inú wọn.

Fítámì D: WHO kò ní kí gbogbo aláboyún máa lò ó. Ṣùgbọ́n fún àwọn ọmọ wa tó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Oòrùn ibẹ̀ kò tó, àwọ̀ wa dúdú, híjáàbù sì ń bo ara. NHS ní kí irú wọn lo máíkírógíráàmù 10 lójúmọ́ jálẹ̀ ọdún.

Òògùn àpapọ̀ kan náà ti ń wọlé, tí wọ́n ń pè ní MMS. Èròjà 15 ló wà nínú hóró kan ṣoṣo, irin mílígíráàmù 30 àti folic acid máíkírógíráàmù 400 sì wà lára wọn. Ó ti fi hàn pé ó ń dín ìbí ọmọ tó kéré jù kù. Bí wọ́n bá fún yín ní èyí ní ilé ìwòsàn, ẹ má tún lo hóró pupa àti yẹ́lò mọ́ ọn láìbéèrè.

Òògùn inú bọ́ọ̀sì àti èyí tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Àwẹ̀ Ramadan àti ọ̀rọ̀ kápúsù

Ìbéèrè tó máa ń wá lọ́dọọdún ni pé: ṣé kí aláboyún gba àwẹ̀? Nínú hádíìsì tí Anas ọmọ Mālik al-Ka‘bī gbà wá, Ànábì wa, kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, jẹ́ kó di mímọ̀ pé Ọlọ́hun ti ṣe ìrọ̀rùn nínú àwẹ̀ fún aláboyún àti ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú, bó ṣe ṣe é fún arìnrìn-àjò. Ẹni tó bá bẹ̀rù fún ara rẹ̀ tàbí fún ọmọ rẹ̀ lè jẹun. Ọ̀rọ̀ sísan án padà tàbí bíbọ́ tálákà, ẹ bi alfa yín, nítorí àwọn onímọ̀ ní ọ̀rọ̀ tó yàtọ̀ síra lórí rẹ̀. Obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, tàbí tó ní ìtọ̀ ṣúgà gbọ́dọ̀ rí dókítà kó tó gbèrò àwẹ̀ rárá.

Ẹni tí dókítà bá gbà láyè, tí ara rẹ̀ sì gbà á, kó má fi òògùn sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ọjọ́. Kó lo òògùn ẹ̀jẹ̀ àti folic acid nígbà ìṣínu, pẹ̀lú omi, dàbínù àti ọsàn, kó sì jẹ́ kí tíì dúró di ìgbà tó bá yá. Bó bá ń lo kálísíọ́mù, kó lò ó nígbà sààrì.

Lórí kápúsù: awọ òde kápúsù mìíràn jẹ́ gelatin, ó sì lè jẹ́ láti ara ẹlẹ́dẹ̀. Omi òògùn ẹ̀jẹ̀ mìíràn náà ní ọtí nínú. Ẹ ka ara páálí, ẹ bi apòògùn. Folic acid àti irin wà ní hóró lásán tí kò ní awọ kápúsù, nítorí náà kò sí ìdí tí iyèméjì fi yẹ kó mú obìnrin kankan fi ìtọ́jú sílẹ̀. Kó béèrè èyí tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ sí.

Iṣẹ́ ọkọ àti ìdílé

Òògùn yìí wà lára ohun tí ọkọ gbọ́dọ̀ pèsè, bí oúnjẹ àti aṣọ. Baálé ilé kò gbọ́dọ̀ dúró kí ìyàwó tọrọ owó rẹ̀. Kó tẹ̀ lé e lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́ẹ̀kan ó kéré tán, kó gbọ́ tẹnu nọ́ọ̀sì. WHO fẹ́ kí aláboyún rí wọn tó ìgbà mẹ́jọ, kí ó sì lọ ní àkọ́kọ́ kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 12. Ní gbogbo ìgbà náà, kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, kí wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò.

Ẹ̀yin ìyá wa àgbà, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ẹ̀wà, ẹja àti ẹyin tí ẹ ń sè fún un wúlò púpọ̀. Ẹ má kàn bọ ẹ̀fọ́ náà pẹ́ kí ẹ tún da omi rẹ̀ nù, torí ibẹ̀ ni folate ń bá lọ. Ní ti àgbo, ẹ fi ohun tí ẹ fẹ́ fún un han nọ́ọ̀sì kọ́kọ́.

Ẹ fi òògùn ẹ̀jẹ̀ pamọ́ sókè, kúrò lọ́wọ́ ọmọdé. Àwọ̀ rẹ̀ jọ súìtì, ṣùgbọ́n hóró díẹ̀ lè pa ọmọ ọdún méjì. Bí ọmọ bá gbé e mì, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Lónìí, kí ẹ tó sùn, ẹ mú ọ̀rá òògùn yẹn, ẹ ka nọ́ńbà tó wà lára folic acid. Bó bá jẹ́ 5 mg, tí dókítà kò sì sọ ìdí rẹ̀ fún yín, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹ ó gbé lọ sí ilé ìwòsàn nìyẹn.

Kí Ọlọ́hun Ọba Adẹ́dàá sọ gbogbo aláboyún wa kalẹ̀ ní àlàáfíà. A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Kí Ó fi ọmọ rere ṣíjú àánú wo àwọn tó ń wá a. Àmín.